Ajá Jodie Ń Sinmi, Àyà Wa Ń Já

                                        Ojúlé Kejìdínlógún,
                                        Ẹ̀bá Ripple Road,
                                        Barking, London.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Moṣọpẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ìyá Tìmílẹ́hìn, báwo lẹ ṣe wà nílé? Ṣé ara Bàbá Tìmílẹ́hìn ti le? Ẹsẹ̀ Màámi ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lè rìn dé ẹnu géètì? Ṣé Olúwatìmílẹ́hìn ti mọ ìlú tí wọn yóò rán an lọ ṣe àgùnbánirọ̀? Àwa náà wà ńbí, a ń bá òtútù àti ààwẹ̀ yí i. Ààwẹ̀ ti di mẹ́tàlélógún lónìí, Haneef ọmọ mi sì ń ka ọjọ́ tó kù bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n.

Má bínú pé mi ò gbé ìpè rẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí mo bá sọ ohun tó gbà mí lọ́kàn, wàá rẹ́rìn-ín: ajá ni. Èmi tí mo sá fún ajá Bàbá Tíṣà n'Íjẹ̀bú-Igbó títí mo fi já sí kòtò!

O rántí Bàbá Reuben tí mo máa ń sọ, bàbá òyìnbó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí mo ń lọ tọ́jú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Jodie ni ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tó ní. Àríwá Norway ni Jodie ń gbé, ajá ló sì ń sìn níbẹ̀. Wọ́n ní eré ìje kan lọ́hùn-ún: ajá méjìlá ni wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí kò ní táyà, wọn á fà á gba orí yìnyín fún ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Láti Èkó dé Kánò mà nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀mejì ni Jodie ti gbìyànjú ẹ̀, kò sì dé òpin rí. Ó ń lé àwọn ajá jù, nígbà tó yá wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ pé bí òun ò bá parí ẹ̀, òun ti ṣíwọ́ nìyẹn. Àìsàn ọkàn ò jẹ́ kí Bàbá lè lọ wò ó. Orí àga ló ti ń wo eré náà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Àmì kékeré kan ló dúró fún olúkúlùkù lórí máàpù. Pupa ni ti Jodie.

Mo rò pé eré sísá lásán ni, àfi bí mo ṣe rí i pé ìsinmi gan-an ni ìjà ibẹ̀. Dandan ni kí kálukú sinmi wákàtí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n òun ni yóò yan ibùdó tó ti máa ṣe é. Bí o bá tètè sinmi, wọn á kọjá rẹ. Bí o bá sì pẹ́ jù, á rẹ ajá kọjá àtúnṣe.

Ní ọjọ́ kejì, ipò karùn-ún ni Jodie wà. Mo dé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo bá Bàbá tó ń lu apá àga. Jodie ti dúró ní ibùdó kẹta, ó ti tẹ́ koríko gbígbẹ fún àwọn ajá, ó ní wákàtí mẹ́jọ òun nìyẹn. Èèyàn mẹ́sàn-án ti kọjá rẹ̀.

"Ó ti bà á jẹ́!" ni Bàbá ń wí. "Ta ní í sùn nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ mu tíì yín. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò moyè jẹ."

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó ní ẹni tó pa òwe yẹn ò sá eré ajá rí.

Ọjọ́ Ajé ni ìjì yìnyín dé, lórí òkè kan tí kò ní igi kankan. Àwọn tó wà níwájú ò tíì lo wákàtí mẹ́jọ tiwọn. Bí a ṣe ń wò ó, àmì méje dúró gbagidi níbi tí kì í ṣe ibùdó: ajá wọn ti jókòó. Àmì pupa wa ń bọ̀ ní tirẹ̀, kò yára, kò dúró. Ó kọjá ọ̀kan, ó kọjá èkejì. Nígbà tó kọjá ìkeje, Bàbá pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin ilé kejì fi wá kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí o. Nígbà tí àwọn yòókù sì wá lọ lo wákàtí mẹ́jọ tiwọn, Jodie bọ́ sí ipò kẹrin.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé ibùdó tó kẹ́yìn, ibẹ̀ lèmi náà ti ya wèrè. Ajá aṣíwájú rẹ̀, Biscuit, ń tiro. Jodie fi í sílẹ̀ fún dókítà ẹranko, ó sì ní àwọn yòókù yóò sinmi wákàtí mẹ́rin. Ọkùnrin tó wà nípò kẹta sinmi wákàtí kan péré, ó gbéra. Mo fò dìde: "Jodie, máa bọ̀! Ó ti ń lọ!"

Bàbá Reuben ló fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Jókòó, Nusi. Ó mọ àwọn ajá ẹ̀ ju èmi àtìwọ lọ."

Mo ní aláìsàn mìíràn tí mo gbọ́dọ̀ lọ wò, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán, nínú bọ́ọ̀sì, fóònù ni mò ń yọ wò bí ọmọge tó ń retí ọ̀rọ̀ olólùfẹ́.

Mo padà dé ní aago márùn-ún. Sáńwíìṣì tí mo ṣe sílẹ̀ fún un láàárọ̀ wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo bá a wí gan-an. Ó kàn nawọ́ sí tábúlẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó ku kìlómítà mẹ́fà, Jodie bá ọkùnrin yẹn. Nígbà tó ku márùn-ún, ó ti kọjá rẹ̀! Moṣọpẹ́, ipò kẹta! A rí i nínú fídíò, yìnyín kún ìpéǹpéjú rẹ̀, àwọn ajá mọ́kọ̀ọ̀kànlá ṣì ń fò sókè, wọ́n ń gbó pé ká tún máa lọ. Bàbá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi apá aṣọ nu imú. Láìpẹ́, fóònù dún.

"Bàbá àgbà, mo parí ẹ̀ o!"

"Mo rí ẹ. Ṣé àwọn ajá ti jẹun?"

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ò jẹ nǹkan kan látàárọ̀!" Ó wo ojú fèrèsé, oòrùn ti wọ̀. Ó ní, "Èmi náà gbààwẹ̀ lónìí, Nusi." Ni mo bá tú dàbínù inú báàgì mi sórí àwo rẹ̀. Ó dúró dè mí títí mo fi ṣàdúrà tán, kó tó fi ti ẹ̀ sẹ́nu.

Bá mi kí Màámi, kí o sì kí gbogbo ará ilé. Haneef ní kí n kí yín, ó ní Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ti sún mọ́lé.

Tìrẹ ni mo jẹ́ láìyẹ̀,

Nùsírátù
(Ìyá Haneef)