Òdòdó Rọ́bà Létí Ibojì Màmá

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń rí mi lára.

Àpáta ló wà lábẹ́ etí ibojì Màmá, erùpẹ̀ ibẹ̀ ò nípọn, omi kì í dúró. Oòrùn àárọ̀ nìkan ló ń rí kí òkè tó ṣíji bò ó. Òdòdó tannáposó tí mo kọ́kọ́ gbìn gbẹ dànù. Àbámodá ló bá ibẹ̀ mu: kò ga débi tí ejò á fi sá sábẹ́ rẹ̀, ewé rẹ̀ sì máa ń tọ́jú omi.

Àfi bí Fẹ́mi àbúrò mi ṣe dé láti Èkó lónìí, tó fà á tu tegbòtegbò.

"Àǹtí mi, ewé olóògùn lẹ gbìn sétí ibojì Màmá? Kí làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa sọ?"

Ló bá to òdòdó rọ́bà pupa síbẹ̀, ó ya fọ́tò, ó fi sórí Wasáàpù. Gbogbo ẹbí ń kí i kú iṣẹ́. Ṣíọ̀! Nǹkan tó ń rùn bíi bàtà tuntun.

Fẹ́mi ò mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bí òun, tí ìdodo òun ò tètè jinná, ewé àbámodá ni Màmá ń yá níná, tó ń fún sí i. Èmi ló máa ń rán lọ já a.