Yìnyín Nídìí Igi Píìsì

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kínní, 2025

Ọyẹ́ mú lónìí. Inú Bàbá Mofẹ́, ọkọ mi, dùn bí ẹni tí àlejò ọ̀wọ́n fẹ́ wá kí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n ti lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wo igi píìsì mẹ́ta, igi eléso ilẹ̀ olótùútù, tí wọ́n gbìn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Irú èyí tí kì í ga. Èyí tó ga jù kò kọjá àyà mi. Aràrá ni mo ń pè wọ́n — nínú ìwé yìí nìkan. Wọn ò so rí.

Jọ́ọ̀sì ni ọkọ mi ti jẹ èso náà, nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó fẹ́ mi. Wọ́n ní ó dùn, pé ara rẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́ bí etí ọmọ tuntun. Àmọ́ igi náà gbọ́dọ̀ rí òtútù, kó sùn, kó tó lè tanná. Ta ló ń rí òtútù tó bẹ́ẹ̀ l'Áyétòrò?

Wọ́n ní àwọn máa fún un ní òtútù.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ó ti di ọ̀rọ̀ yìnyín. Àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ Dinah tó ń ta ẹja dídì. Wọ́n á di yìnyín sínú àpò, wọ́n á gbé e sórí ọ̀kadà, omi á máa kán tẹ̀ lé wọn láti ọjà títí délé. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á tò ó yí ìdí igi ká, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó. Husain, aládùúgbò wa, ló ń bá wọn fọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ṣé ká wá bùláńkẹ́ẹ̀tì fún un kó lè sùn dáadáa?" Àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀; mo ní yìnyín yẹn ti ń pọ̀ jù.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá lẹ́yìn ìsìn. Mo wọlé, ẹ̀rín dákẹ́. Èmi, akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹnì kan fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè, bí ẹni ń kí aláìsàn: "Màmá Mofẹ́, ara Bàbá ńkọ́? A gbọ́ pé yìnyín ni wọ́n ń fún igi mu báyìí." Òmíràn ní kí n tètè mú wọn lọ fún àdúrà, pé báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá Oníyìnyín — orúkọ tí ará ìlú ń pè wọ́n nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n àyàfi èmi.

Ó yẹ kí n gbèjà ọkọ mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Èmi náà ti rí i pé orí wọn ò pé mọ́."

Orí wọn pé ju tèmi lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Wọ́n ní kí n wá wo bí ẹ̀ka ṣe ń rú. Mo ní ọwọ́ mi dí. Ọwọ́ mi ò dí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Mo ti ṣe é.

Wọ́n lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ìláró. Mo gbé kẹ́tùlù kaná, mo da iyọ̀ sí i. Igi kan péré ni mo ní lọ́kàn, kí wọ́n lè rí i pé kò ṣeé ṣe, kí wọ́n jáwọ́. Mo da omi náà sídìí ti àárín, èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ó ṣẹ́ kù. Mo da ìyókù sídìí èkejì. Ooru ń rú látinú ilẹ̀, níbi tí yìnyín wà láàárọ̀.

Mo fọ kẹ́tùlù, mo dá a padà sáyè rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ po tíì tán. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ewé igi méjèèjì ti sorí kodò, ó rọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Bàbá Mofẹ́ lóṣòó tì wọ́n, ó pẹ́. "Àbí yìnyín náà ló pọ̀ jù, Kòfó? O sọ fún mi. N ò gbọ́. Má bínú."

Àwọn ló ń bẹ̀ mí. Mo bu oúnjẹ fún wọn, mo ní pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 23

Wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Husain fín oògùn apakoríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n pè é wá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Husain wo igi, ó wo ilẹ̀, ó gbójú sókè wò mí — kò pẹ́ rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá atẹ́gùn ló gbé e. Ẹ má bínú."

Bàbá Mofẹ́ tí kì í pariwo ní kó má fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá àwọn mọ́. Láti ìgbà tí a ti kọ́lé síbí ni wọ́n ti jọ ń jẹun ọdún, Kérésì àti Iléyá.

Mo padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Husain kí Bàbá Mofẹ́ láti ojúde rẹ̀. Wọn ò dáhùn. Ó tún kí wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 26

N ò lè gba oúnjẹ Olúwa. Mo ní inú ń run mí.

Ọjọ́rú, 29

Mo lọ bá Husain. Suliat ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà, ó fẹ́ dìde fún wa, ọkọ rẹ̀ ní kó jókòó. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo ṣe ẹ̀gbọ́n wọn. Mo ní kì í ṣe oògùn ló pa igi.

"A mọ̀," Suliat ló dáhùn. Ó ń ká aṣọ lórí okùn lọ́jọ́ náà. Ó rí mi pẹ̀lú kẹ́tùlù. Ó rí ooru.

Mo bi Husain ìdí tó fi gba ẹ̀bi náà sọ́rùn. "Màmá Mofẹ́, bí Ẹ̀gbọ́n bá bá mi jà, wọ́n á lọ sílé lọ bá yín. Bí wọ́n bá bá yín jà, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa lọ?"

N ò mọ bí mo ṣe délé.

Ọjọ́bọ̀, 30

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Mofẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Gbogbo rẹ̀ — omi, iyọ̀, ohun tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́, ohun tí Husain sọ. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Wọ́n dìde, wọ́n wọ bàtà, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde. Láti ojú fèrèsé, mo rí wọn tí wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Husain, ọmọ tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Mo rí Husain tó sáré dì wọ́n mú léjìká.

Wọ́n padà wá jókòó síwájú mi. Wọn ò mẹ́nu ba igi.

"Kòfó, láti ìgbà wo lojú ti ń tì ọ́ nítorí mi?"

Mo wá èsì. Mo wá èyí tó kéré, tí kò ju oṣù yìí lọ. N ò rí i.

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí a ti dá lóhùn. Wọ́n kó àwo tí wọ́n fi jẹun, wọ́n lọ fọ̀ ọ́ fúnra wọn.