Kò Sẹ́ni Tó Fipá Mú Mi

Ìyá mi,

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín pé mo ti gbà pé èmi ni mo jí wáyà iléeṣẹ́ wa. Ọ̀la ni màá tó gbà á. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò jí i. Lọ́yà mi ní bí mo bá gbà, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni. Bí mo bá ṣagídí, ó lè di mẹ́wàá.

Ó ń kọ́ mi bí ọmọ iléèwé.

“Adájọ́ á bi ọ́ bóyá ẹnì kan fipá mú ọ. Kí lo máa sọ?”

“Màá ní ẹ̀yin ni.”

“Olóríkunkun! Sọ pé kò sẹ́ni tó fipá mú ọ.”

Mo ti mọ̀ ọ́n sọ báyìí. Ara mi le, mo sì ń sùn dáadáa. Ní kóòtù, mi ò bojú wẹ̀yìn ka iye àwọn èèyàn wa tó wá dúró tì mí mọ́.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ ní mo ní kò gbọdọ̀ máa parọ́.