Àwọn Ehoro Bàbá Jẹ́jẹ́

Ajé, 5 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n gbà mí! Olùrànlọ́wọ́ ìwádìí, lábẹ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Jẹ́jẹ́, inú ìwé yìí nìkan ni mo sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo ayé ń pè é. Àmọ́ ẹni tó bá ti rí bó ṣe ń rọra tẹlẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, á mọ̀ pé mi ò purọ́ mọ́ ọn.

Iṣẹ́ yìí ló máa san owó ilé ẹ̀kọ́ mi, òun ló máa san owó yàrá. Bí kò bá sí i, ilé Màmá ni mò ń padà sí, oyè kejì di àlá. Màmá pariwo lórí fóònù títí etí mi fi ń hó. Ó ní òun ti mọ̀ pé orí mi ò ní gbàbọ̀dè.

Ehoro ni iṣẹ́ mi. Kí n fún wọn lóúnjẹ, kí n pààrọ̀ omi, kí n kó ìdọ̀tí, kí n gbé wọn sórí ìwọ̀n. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni Bàbá ń dán wò lára wọn — ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó máa kán an sí wọn lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgò yẹn. Kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Kí ni mo tún fẹ́ máa kọ?"

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹwàá

Yàrá ehoro: kótópó, fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí, koríko gbígbẹ lórí ilẹ̀, òórùn tó ń bá èèyàn délé. Mo ti fún àwọn mélòó kan lórúkọ. Ìyàwó, nítorí ojú rẹ̀ tó ń tijú. Ọ̀gá Sójà, nítorí ìjà. Aláròyé — òun ló máa ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ àgò bí mo bá pẹ́.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn láràárọ̀. Òun ló ń tọ́jú yàrá ìwádìí náà látìgbà tí Bàbá ti wà ní ọ̀dọ́. Èèyàn á ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ kó tó rí i. Ó kìlọ̀ fún mi lónìí: "Àbúrò, rọra o. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ, ó gbé ìgò Bàbá láti wò ó lásán ni. Ọjọ́ yẹn náà ló lọ." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 9 Oṣù Kẹwàá

Bàbá fi orúkọ ẹlòmíì pè mí. Mo jẹ́ ẹ.

Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹwàá

Ọkàn mi ò balẹ̀.

Mo bá Bàbá nínú yàrá ehoro, ìgò oògùn lọ́wọ́, ó ń wo ògiri. Ó bi mí bóyá òun ti fún wọn. Mo ní ìsinsìnyí ni mo wọlé, sà. Ó ronú díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti fún wọn, mo ti fún wọn." Ó gbé ìgò náà padà sórí tábìlì rẹ̀, ó sì rọra bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tó lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ wo ìgò náà. Mi ò fọwọ́ kàn án, mo kàn wò ó. Ibi tí oògùn yẹn dé lọ́jọ́rú tó kọjá, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Kò dín.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹwàá

Kò dín lónìí náà. Ó sì ní òun ti fún wọn.

Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bàbá? Á lé mi bó ṣe lé ẹni àkọ́kọ́. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́? Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti débẹ̀ lọ sọ fún un. Òun àti Bàbá dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò sì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ lópin oṣù. Bí wọ́n bá rí i pé àwọn ẹran yìí ò gba oògùn kankan, wọ́n á ti iṣẹ́ náà pa. Tí wọ́n bá ti tì í pa, èmi náà á di ẹrù mi padà sílé Màmá.

Ẹtì, 16 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ṣe é.

Bàbá lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé ìgò. Bàbá ti fẹnu sọ iye tó máa ń fà fún mi rí. Ọ̀gá Sójà gé mi jẹ. Gbogbo wọn ló gbà á.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó dà bí ẹni pé mo gba nǹkan kan là.

Ajé, 19 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀sọ̀ọ̀sán ni mò ń fún wọn báyìí, títí kan ìparí ọ̀sẹ̀. Bàbá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lónìí. Ó ti lọ sílẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ dáadáa. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ṣé o rí i? Àwọn tó ní mo ti darúgbó, kí wọ́n wá wò ó!" Mo ní, ẹ kú iṣẹ́, sà. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹwàá

Ìyàwó ò jẹun. Mo di etí rẹ̀ mú — etí ehoro máa ń gbóná lọ́wọ́ èèyàn ni. Tirẹ̀ tutù. Ó kàn ń wò mí.

Ẹtì, 23 Oṣù Kẹwàá

Ìyàwó ti kú.

Bàbá gbé e lé àyà, ó dúró pẹ́. Ó wá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́: "Àbí mo fún un lẹ́ẹ̀mejì ni?" Mo gbọ́ ọ. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ gbọ́ ọ. Ó wò mí, mo wò ó. Ó fi aṣọ iṣẹ́ nu ojú, ó jáde, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún lọ títí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Mo ṣì fún àwọn tó kù lọ́sàn-án. Mo ní bóyá òtútù ló pa á.

Àìkú, 25 Oṣù Kẹwàá

Aláròyé ò gbá ilẹ̀ mọ́. Etí tutù. Kì í ṣe òun nìkan.

Ajé, 26 Oṣù Kẹwàá

Aláròyé kú. Ọ̀gá Sójà náà kú, òun tí mo rò pé kò sí ohun tó lè mú un.

Mo wá rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ bu omi, mo rí Bàbá lẹ́nu ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, ìgò oògùn míì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kí i. Ó ní òun ń wá nǹkan kan, àmọ́ òun ò rántí ohun tó jẹ́. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn! Ó ti tún ń fún wọn. Ó ń fà á nínú ìgò inú sítọ́ọ̀, ìdí nìyẹn tí ti orí tábìlì ò fi dín. Òun á fún wọn, èmi náà á tún wá fún wọn.

Ara mi bù máṣọ. Mi ò fún wọn lónìí. Mi ò ní fún wọn mọ́ láé.

Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá Ẹ̀ka ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin tí kì í pariwo, ìyẹn ló tún ń dẹ́rù bani jù. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ìgbìmọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹran sì ń kú. "Ọwọ́ ẹ ni ìtọ́jú wọn wà. Tó bá jẹ́ láti ọwọ́ ẹ ni, sọ fún mi kí n tètè mọ bí mo ṣe máa wá ẹlòmíì."

Mo rí ilé Màmá. Mo rí àpótí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Mo sọ pé Bàbá ni. Pé ó ń gbàgbé. Pé ó máa ń fún wọn, á gbàgbé, á tún fún wọn. Pé mo rí i pẹ̀lú ìgò lánàá. Oògùn tí èmi ń fún wọn lọ́sàn-án — mi ò dárúkọ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "A ti ń fura." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ó gba ìgboyà.

Ìgboyà!

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kẹwàá

Àwọn tó kù ti ń jẹun. Etí wọn ti ń gbóná. Mi ò lè wo ojú Bàbá.

Ẹtì, 30 Oṣù Kẹwàá

Ìgbìmọ̀ jókòó ní yàrá ìpàdé tó wà lókè pátápátá. Wọ́n ní kí èmi náà wà níbẹ̀. Mo ti ń gbàdúrà pé kí Bàbá bínú, kó gbá tábìlì, kó pè mí lónírọ́. Ìyẹn ì bá rọrùn fún mi.

Wọ́n bi í. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Ó ṣeé ṣe," ó ní. "Mi ò rántí pé mo ṣe é. Àmọ́ mi ò lè búra mọ́ pé mi ò ṣe é." Wọ́n sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kó lọ sinmi. Wọ́n yìn ín lọ títí. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tó ń jáde, ó gba ibi tí kì í ṣe ilẹ̀kùn, mo sì dìde, mo fi ọ̀nà hàn án.

Ajé, 2 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ náà fún ọdún míì. Èmi ni yóò máa fún àwọn ehoro ní oògùn. Màmá tún pariwo.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kọkànlá

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ mú mi wọ sítọ́ọ̀ láti fi ẹrù ibẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Àbúrò, nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Má pariwo o. Bàbá ò fún àwọn ẹran yìí ní oògùn látìgbà òjò. Ó ń gbàgbé, mo sì mọ̀. Èmi ni mò ń fún wọn. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ìgò inú sítọ́ọ̀ níbí ni mo ti ń fà á, kí wọ́n má baà yọ Bàbá níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o, ọmọ ìyá mi. Mi ò fún wọn lẹ́ẹ̀mejì rí. Wọn ò pè mí sípàdé yẹn, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n lọ fúnra mi. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó, mo ń rò ó — ta ló wá fún wọn ní ìkejì?"

Ó ń wò mí. Omi lé ròrò sí i lójú.

Mo ní mi ò mọ̀.

Bàbá ò fún wọn rárá. Bó ṣe rí nìyẹn. Èmi ni mo pa Ìyàwó, mo pa Aláròyé, mo pa Ọ̀gá Sójà. Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ń wá ohun tí kò rántí lóòótọ́ ni. Mo sì fi ẹnu mi yìí fún un ní ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, ó gbà á, nítorí pé kò ní ìrántí tó máa fi kọ̀ ọ́.

Màá sọ fún Ọ̀gá Ẹ̀ka lọ́la. Màá sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kọkànlá

Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Mo padà.

Ẹtì, 6 Oṣù Kọkànlá

Bàbá wá kó àwọn ìwé rẹ̀. Aya rẹ̀ dúró dè é nínú mọ́tò. Ó kọ́kọ́ wọlé tọ̀ mí ní yàrá ehoro, jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì pe orúkọ mi gan-an, kò ṣì í. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun mọ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn àwọn ẹran yẹn, òun rí i lójú mi lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ kú. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ pa wọ́n. Dárí jì mí."

Àgbàlagbà yìí ń bẹ̀ mí, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Ó ti tán, sà. Mo ti dárí jì yín."