Ìgò Mẹ́fà Tó Wọ Ẹ̀wù

Àkọ́bí mi, ìwọ tí o ń fi dígí wo ohun tí àwa yòókù ń gbójú kúrò lára rẹ̀,

Bàbá rẹ ló ń kọ̀wé yìí, orí àga ìránṣọ mi ni mo wà, mo sì ń fi ẹsẹ̀ yí ẹ̀rọ lófìfo, nítorí ọ̀rọ̀ kì í wá sí mi lọ́kàn bí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn kòkòrò ńkọ́? Mo ní kí n béèrè wọn náà, ṣebí o ní ẹ̀ ń tọ́jú wọn. Kòkòrò tí o ń wá kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ o. Májèlé tí o ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ kò ní kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Àmín lọ́nà mẹ́fà, nítorí ìgò mẹ́fà.

Kí n tó lọ jìnnà, fọkàn balẹ̀: inú Ìyá Kékeré, ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ mi, ti dákẹ́. Ó ń jẹun, ó ń sáré, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ ya ewúrẹ́ sára ògiri, ó ní èmi ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìgbẹ́ gbuuru kò kan ilẹ̀kùn wa. Mo mọ̀ pé o ti sọ pé bó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá wá gbé e lọ.  Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ lẹ́tà, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ sínú fóònù. Wọ́n ní ojú ọ̀run ni ohùn ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, mi ò sì fẹ́ kí àwọn tó wà lókè gbọ́ ọ kí ìwọ tó gbọ́.

Nígbà tí dẹ́rẹ́bà ilé ìwádìí yín gbé ìgò mẹ́fà dé, tó ní o ní kí n bá ọ gba ìgbẹ́ àwọn ará àdúgbò tí inú wọn ń ṣí, orí mi kọ́kọ́ gbóná. Èmi tí mo fi abẹ́rẹ́ sanwó ilé ìwé rẹ! Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ló tù mí nínú, ó ní kòkòrò kan ló wà nínú ìfun tó ń po májèlé fúnra rẹ̀, májèlé ọ̀hún ló ń mú kí omi tú jáde lára ọmọdé bí ìgbà tí ẹnu ẹ̀rọ omi já. Ó ní ẹ ti kó díẹ̀ nínú wọn sínú abọ́, ẹ sì ń fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n lè pọ̀ sí i. Ọmọ mi, ẹ̀ ń bọ́ ọ̀tá! Káfíńtà tó múlé tì mí ní bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n sanra kí wọ́n má lè sáré ni. Mo rò ó, mo rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀.

Àmọ́ ìwọ náà gbọ́, ṣé ìgbẹ́ aláìsàn ni kí n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ? Kí wọ́n máa wí pé níbi tí ọmọ yìí ti wá, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dá? Bí a bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé onílé, èyí tó dára là ń ṣà. Mo ṣà á! Àwọn tí ara wọn le koko ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn, bíi Káfíńtà tó ń fi eyín fa ìṣó yọ. Nígbà tí mo wo àwọn ìgò náà, mo rí i pé ìhòòhò ni wọ́n fẹ́ lọ sílùú ńlá. Mo rán ẹ̀wù fún wọn, mo kan bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sí wọn lọ́rùn, àjákù aṣọ oníkálukú ni mo sì fi rán ti ìgò rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tó bá wọn wá, òótọ́ ni mo fi kún un. Ibi tí wọ́n ti béèrè orúkọ, mo kọ ìgbẹ́. Ibi ọjọ́ orí, mo kọ wákàtí kan, àfi ti Káfíńtà tó pẹ́ kó tó mú tirẹ̀ wá, ìyẹn lo ọjọ́ kan ààbọ̀. Ibi iṣẹ́ tó ń ṣe, mo kọ pé ó ti fẹ̀yìn tì.

Bẹ́ẹ̀ lo pè mí. O ní márùn-ún mọ́, àmọ́ ìgò kẹrin kún fún kòkòrò náà, pé májèlé rẹ̀ àti èyí tí nọ́ọ̀sì gbà lára ọmọ rẹ jọra bí ìbejì. O ní ẹni tó ni ín lè máa rìn kiri láìṣàìsàn, láìmọ̀ pé òun ń gbé e, kó sì máa kó o ran ọmọdé. O bi mí pé ta ni, nítorí ìgbẹ́ nìkan lo rí níbi orúkọ. Mo ní mi ò rántí. Mo tún ní ó lè jẹ́ Káfíńtà. Mo lọ kò ó lójú lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ní kó má fọwọ́ kan ọmọ ọmọ mi mọ́. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé aṣọ wo ni ìgò kẹrin wọ̀.

Ọmọ mi, àjákù ṣòkòtò mi ni.

Èmi tí mo ń fọ́nnu pé ogójì ọdún rèé tí inú kò run mí! O mọ̀ pé n kì í fi ọṣẹ fọwọ́, torí ọṣẹ máa ń mú kí abẹ́rẹ́ yọ̀ lọ́wọ́ télọ̀. Omi lásán ni ọ̀gá mi ń lò, òun ni mo jogún. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi ń bu oúnjẹ sí Ìyá Kékeré lẹ́nu, tí mò ń pè é ní ìkẹ́.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì, mo jẹ́wọ́, ó fún mi lóògùn, mo sì ti lò ó tán. Mò ń fi ọṣẹ fọwọ́ báyìí bí ẹni tó fẹ́ bó o. Abẹ́rẹ́ ti gún mi lẹ́ẹ̀mejì, kò burú. Mo bẹ Káfíńtà, ó ní òun gbà, àmọ́ kí n rán fìlà fún òun, kó má sì jẹ́ àjákù.

Mo bẹ̀ ọ́, má tíì wá gbé e. Fi owó ọṣẹ ránṣẹ́ sí mi, mi ò ní dá iye lé ọ, ìwọ ṣáà mọ bí ọwọ́ bàbá rẹ ṣe tóbi tó. Kí o sì fi ìgò kan ṣoṣo kún un ránṣẹ́, kí o lè yẹ inú mi wò fúnra rẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ mi ni màá kọ. Bí o bá rí i pé ó mọ́, fi ọmọ rẹ sílẹ̀ fún mi.

Ohun tó fara sin kò ní sá pamọ́ fún ojú rẹ. Ọmọ tí o bí yóò gbó, yóò tọ́, inú rẹ̀ yóò dùn, inú rẹ̀ kò ní ṣí.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀. Tètè fi ìgò náà ránṣẹ́ o. Mo ti rán ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀.