Bóòtù Kúkúrú Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Fún Wa

Bàbá mi tó sùn sínú yanrìn Banjul,

Mi ò mọ̀ bóyá òkú ń ka lẹ́tà. Mo ti ka ìwé lóríṣiríṣi lórí ọ̀rọ̀ ikú, ti àwọn àáfà àti ti àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó kọ wọ́n tó ti kú nígbà tó ń kọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbọ́, ẹ gbọ́. Bí ẹ kò bá gbọ́, mo ti sọ tèmi.

Màmá ti jáde opó. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tuntun, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, wọ́n ti ń di ẹrù aṣọ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ tà ní Brikama. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Èmi ni n ó wa ọkọ̀, nítorí kò sí iṣẹ́ ilé-ìwé ní ọjọ́ Sátidé. Ọkọ̀ yín náà ni, ògbólógbòó aláwọ̀ eérú yẹn tí gbogbo àdúgbò wa ní Portuguese Town máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ kí ó tó yọ. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ló ti dúró nínú àgbàlá, tí adìẹ ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Mo wà á jáde láti dán an wò. Kí n tó dé afárá tó jáde kúrò nílùú, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú ti ń gbọ̀n bí eyín arúgbó. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwọn nọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bóòtù, irin tó yẹ kí ó gba inú wọn kọjá, kò yọ síta rárá. Lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, bóòtù a máa yọrí bí ẹni tó ń wo òde lójú fèrèsé. Tiyín sá sínú. Mo rọra wà á padà sílé bí ẹni tó ru ẹyin.

Nígbà náà ni mo rántí ọjọ́ tí ẹ ra àwọn rímù yẹn, irin tí táyà ń jókòó lé. Iyọ̀ òkun ti jẹ ti àkọ́kọ́, ẹ wá lọ ra àwọn tó nípọn ní Box Bar, lára ọkọ̀ mìíràn tó ti kú. Inú yín dùn, ẹ ń pe ẹni tó ń kọjá wá wò ó. Módù, mẹkáníìkì yín, ló fọwọ́ wọn rímù náà tó ní ó ti nípọn jù fún bóòtù tó wà lára ọkọ̀, pé nọ́ọ̀tì kò ní rí ibi dì mú dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí òun wá bóòtù tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Módù, ṣé o ti gbọ́ rí pé ẹnì kan rẹ́ mi jẹ lọ́jà?"

Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Módù náà rín díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ kò ti pè é mọ́, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń tọ́jú ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Mo sọ fún Màmá pé mo fẹ́ kí Módù wá pààrọ̀ àwọn bóòtù náà. Wọ́n fi ẹrù sílẹ̀, wọ́n kọjú sí mi.

"Bàbá rẹ ní kí ẹnikẹ́ni má tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn. Àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n kò dì mú."

"Ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ Brikama kí o tó mọ ọkọ̀ wà! Torí pé o ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, o ti wá mọ̀ ju Bàbá rẹ lọ. Ọ̀rọ̀ tí òkú sọ gbẹ̀yìn, a kì í fi ṣeré."

Òótọ́ ni pé ẹ sọ ọ́. Lórí ibùsùn, nígbà tí ahọ́n yín ti wúwo, ẹ kò ṣàdúrà fún wa, ẹ kò dárúkọ Ìsẹ́yìn tí ẹ ti wá. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ẹ dárúkọ. Mo rò pé ìfẹ́ ọkọ̀ ló ń bá yín jà.

Mo ṣẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yín, Bàbá. Ọjọ́ tí Màmá lọ síbi ìkómọ ní Jollof Town ni mo ní kí Módù wá. Ó ti rí àwọn bóòtù gígùn tú lára ọkọ̀ kan tó ti di àpatì. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ó sì ké pè mí ní èdè Wolof, "Kaay! Kaay!", pé kí n wá kíá.

Aṣọ ni. Etí àǹkárá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ wé mọ́ bóòtù yípo yípo, kí nọ́ọ̀tì tó wọ̀ ọ́ lè le lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í. Lábẹ́ rẹ̀, gbogbo eyín bóòtù tí nọ́ọ̀tì fi ń dì mú ti jẹ dànù.

"Tíṣà, Pa wé láwàní fún bóòtù," ni Módù wí, "Pa" tí gbogbo wọn ń pè yín. "Gbogbo wọn ti di Àlàájì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì kejì. A tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí èyí tí ẹ kò wé.

Ẹ mọ̀, Bàbá. Kò sí ẹni tó ń fi aṣọ wé irin tó bá dì mú. Aláṣọ nìkan ló sì lè ronú kan irú rẹ̀. Ní ìsọ̀ yín, bí ẹ bá ti wọn ọ̀pá aṣọ tán, ẹ máa ń fi ìbú ọwọ́ kan lé e fún oníbàárà. Àwọn obìnrin Wolof pàápàá ti mọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu yín, wọ́n á ní, "Pa, èènì mi ńkọ́?", ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń gé e. Ẹ kò wá rí èènì irin tí kò ju oríkèé ìka kan lọ fún ọkọ̀ tó ń gbé ìyàwó yín. Ṣé nítorí kí Módù má baà rí i pé wọ́n rẹ́ yín jẹ?

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ dùbúlẹ̀, ẹ kì í wọ ọkọ̀ náà mọ́, àwa nìkan là ń wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn lọ sọ́jà, ẹ ní dókítà ló ní kí ẹ máa rìn. Mo lọ bá dókítà. Ó ní òun kò rántí. Ta ni mo fẹ́ bi wàyí? Ṣé ara yín ni ẹ ń tọ́jú, àbí ẹ̀mí yín lọ́wọ́ ọkọ̀ yẹn? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀mí yín, tiwa ńkọ́?

Módù fi òòlù lu àwọn bóòtù àtijọ́ jáde, ó fi àwọn gígùn rọ́pò wọn. Nọ́ọ̀tì wọ̀ wọ́n títí, orí bóòtù sì tún yọ síta. Ibẹ̀ ni Màmá bá wa. Mo múra sílẹ̀ fún èébú. Àmọ́ aṣọ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n gbọn ìpẹtà rẹ̀ dànù.

"Èmi ni mo ya èyí fún Bàbá rẹ. Wọ́n ní kí iyọ̀ òkun má baà jẹ irin, kí nǹkan má baà ṣe mí lọ́nà." Omi lé ròrò lójú wọn. "O ò rí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn wa tó? Módù, ó yá, wé tuntun mọ́ ọn. Aṣọ ń bẹ nílé."

Módù ń wò mí. Òótọ́ nípa yín wà lẹ́nu mi, Bàbá, gbogbo rẹ̀, ó gbóná. Mo wo ojú ìyàwó yín, mo sì gbé e mì. Mo ní ìta ni iyọ̀ ti ń wá, pé ìta ni kí wọ́n so ó mọ́, níbi tí bóòtù ti yọrí kọjá nọ́ọ̀tì. Kò sí ohun tí aṣọ lè bà jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so ó, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Báyìí la ṣe lọ sí Brikama, tí àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ tó wọ àǹkárá lẹ́sẹ̀. Màmá ń fi yín yangàn fún gbogbo oníbàárà. Èmi ń ká aṣọ. Wàyí o, èmi náà ti mọ ohun kan nípa ọkọ̀ yìí tí mi ò sọ fún ẹni tó ń gbé. Ṣé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀yin náà nìyẹn?

Èmi ni,
ọmọ yín tí inú ń bí, tí kò sì lè kọ̀ yín.