Òrí Ọmọ Tuntun, Orí Bátìrì

Mọ́nsúrù ọmọ mi, bí o bá ti oko dé, má jókòó. Ìrọbí mú ìyàwó rẹ; ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ omi ẹlẹ́ńjìnnì lọ gbé Nọ́ọ̀sì Florence lódìkejì dáàmù, àmọ́ sítátà kàn ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Mo tú wáyà orí bátìrì, òrí lo rọ́ síbẹ̀! Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo wà ní Gánà, a máa ń ha irin ibẹ̀ mọ́, a ó de wáyà pinpin, ká tó fi òrí bò ó kó má baà dípẹtà. Mo ti fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré lọ, bẹ́ẹ̀ apá ìgbà náà kò sí lára mi mọ́. Tún un ṣe, kí o wá pàdé wa lójú omi. Ìyókù òrí wà lórí tábìlì. Má fọwọ́ kàn án, ọmọ ló ni ín.